Gúgúrú alápò àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló gbé máíkírówéfù wá sílé. Láti ìgbà náà ni a ti ń ra gúgúrú alápò tí à ń fi í yan, èyí tó ní bọ́tà, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Lágéré. Bí mo bá ń wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́, mo lè jẹ àpò kan tán. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń lo oògùn sí i. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní bọ́tà inú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pé máíkírówéfù náà sì ń fa jẹjẹrẹ. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún méjì, máa ń bá mi jẹ níbẹ̀.
Màmá kan, Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀fóró yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ ìdajì ìtàn ni wọ́n sọ fún yín. Ní ọdún 2000, wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ gúgúrú kan ní ìpínlẹ̀ Missouri, l'Amẹ́ríkà, ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í sàn bọ̀rọ̀. Èròjà tó ń mú nǹkan ta sánsán bíi bọ́tà, diacetyl ni wọ́n ń pè é, ni wọ́n ń fà símú lójoojúmọ́ nídìí àgbá ńlá tí wọ́n ti ń pò ó. Nígbà tó di 2007, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe gúgúrú níbẹ̀ kéde pé àwọn ń yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ń ṣí àpò kan nílé kò sí nípò wọn. Síbẹ̀, ẹ má sún ojú mọ́ àpò náà bí ẹ bá ń ṣí i. Ooru tó ń tú jáde níbẹ̀ lè bó èèyàn lójú.

Máíkírówéfù ní tirẹ̀ kò jẹ̀bi. Ó ń mú omi inú hóró àgbàdo gbóná, omi di ooru, ooru kò ríbi gbà jáde nítorí pé èèpo le, ló bá bẹ́. Bó ṣe ń rí nínú ìkòkò ìyá onígúgúrú náà nìyẹn. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ náà fi sínú oúnjẹ tó ń fa jẹjẹrẹ. Àpò ni mo lè bá wí díẹ̀: wọ́n máa ń fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PFAS sára bébà kí epo má bàa jò, kì í sì í tètè kúrò lára èèyàn. Ní 2024, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà kéde pé wọn kò tà á fún bébà oúnjẹ lọ́hùn-ún mọ́. Ìyẹn kò kan àpò tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ mìíràn o.

Iyọ̀ ló kàn yín jù. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní Iléṣà máa ń búra pé àwọn ti dín iyọ̀ ọbẹ̀ kù. Ìgbà tí a bá béèrè ìpanu alẹ́ ni àṣírí máa ń tú. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí sodium, èròjà inú iyọ̀, tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó 2,000 milligram, ìyẹn iyọ̀ tí kò kún ṣíbí ìmutíì kan. Ẹ yí ẹ̀yìn àpò náà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "sodium" sí, kí ẹ sì wo "servings per container", ìyẹn iye ẹni tí àpò kan wà fún, lókè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí wọ́n bá kọ 300 milligram fún ẹnì kan, tí àpò sì jẹ́ ti ẹni méjì àbọ̀, ẹ̀yin tí ẹ dá a jẹ ti jẹ 750, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ti ọjọ́ kan lọ. A ò tíì ka búrẹ́dì àárọ̀ àti magí ọ̀sán o! Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣírò ọ̀rá tí wọ́n kọ "saturated" sí. Epo ọ̀pẹ ni wọ́n sábà ń lò, òórùn bọ́tà nìkan ló sì lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí "partially hydrogenated", ìyẹn epo tí wọ́n sọ di dídì, tó ń ba ọkàn jẹ́, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Gúgúrú fúnra rẹ̀ dára, nítorí pé a kì í bó èèpo rẹ̀. Ife mẹ́ta tí kò ní epo kò ju nǹkan bí 90 kálórì lọ, ó sì ń ran ìgbẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ ra àgbàdo gúgúrú lọ́jà, ẹ da ṣíbí òróró kan àti àgbàdo náà sínú ìkòkò tó nípọn lórí iná, ẹ dé e, kí ẹ máa mì í títí ariwo rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ata gígún ni kí ẹ fi mú un dùn, iyọ̀ bíńtín bí ẹ bá fẹ́. Ẹ̀pà sísun tí kò ní iyọ̀ náà bá a mu. Ti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yan án lẹ́bàá títì, ṣúgà àti bọ́tà ló máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi sí tiyín. Oògùn yín kò gbọdọ̀ dúró o, bí ẹ tilẹ̀ jáwọ́ nínú gúgúrú pátápátá.

Ọmọ-ọmọ yín kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ rárá, ì báà jẹ́ ti àpò tàbí ti ìkòkò, títí yóò fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó lè há a lọ́fun, kó dí ọ̀nà èémí rẹ̀, pàápàá hóró tí kò bẹ́. Ẹ̀pà náà ń kọ́? Bákan náà ni. Bó bá ń sunkún, ẹ fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, kó jókòó jẹ ẹ́.