Ẹ Wo Táyà Kí Ẹ Tó Lọ Wo Òkun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa l'Ábújá ni à ń gbé. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta kò rí òkun rí, a sì fẹ́ gbé wọn lọ sí Àgbádárìgì nínú ìsinmi Kérésì. Sienna ni ọkọ̀ wa, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin sí i. Baálé mi ní ká gbéra ní agogo méjì òru ká lè débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọkàn mi kò balẹ̀. (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa bẹ baálé yín, kí wọ́n má gbéra lóru. Tírélà àti táńkà ló kún ọ̀nà Lọ́kọ́jà lálẹ́. Òmíràn á dákú sójú títì láìní iná lẹ́yìn, ẹ ò ní rí i títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú. Ní àsìkò Kérésì, eruku ọyẹ́ tún ń bo ojú ọ̀nà. Ká má tíì sọ ti àwọn ajínigbé.

Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì pín ìrìn náà sí ọjọ́ méjì. Láti Lọ́kọ́jà, ẹni tó bá gba Kabba á sùn l'Ákúrẹ́. Ẹni tó bá gba Òkènè àti Auchi á sùn ní Benin. Ore ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Ní ọjọ́ kan ṣáájú, ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gárèjì Jabi tàbí Zuba èwo ló ṣeé gbà, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á.

Ọ̀rọ̀ táyà gan-an ló ká wa lára. Tòkunbọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lè ti gbó kó tó wọ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ẹ ó wò. 3517 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ kò bá rí i níta, ẹ ní kí fọkanáísà wo ẹ̀gbẹ́ inú. Táyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ, ẹ má gbé e rin irú ọ̀nà yìí, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ṣì ga tó. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí ilà wẹ́wẹ́ bá yọ lára rọ́bà náà, ó ti gbẹ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́.

Àwọn kan máa ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù tí wọ́n bá ń rin ìrìn-àjò, wọ́n ní oòrùn á fi kún un. Àṣìṣe tó ń pa èèyàn ni. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, ńṣe ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń wó, tó ń nà, bó ti ń yí. Ìyẹn ló ń mú un gbóná títí yóò fi bẹ́. Nígbà tí ọkọ̀ kún fún èèyàn àti ẹrù, ó tún yá. Iye tó yẹ wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ fi géèjì wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn, kí ẹ má gbàgbé sípíà.

Bí ọ̀kan bá bẹ́ lórí eré, ẹ má tẹ bíréèkì. Ẹ di sítíárìn mú gírígírí, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dín eré kù, kí ẹ tó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ilé ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ kò ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jókòó níwájú, ìgbànú ìjókòó sì pọn dandan fún gbogbo wọn. Nọ́ńbà Rodu Sefutì ni 122.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn ọmọ lè wẹ̀ nínú òkun Àgbádárìgì? Wọ́n mọ omi wẹ̀ ní Gwagwalada tí a wà. (Bàbá Tóbi)

ÌDÁHÙN: Wọn ò gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́, Bàbá Tóbi. Omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ dúró lójú kan. Òkun ń fa èèyàn. Ìgbì tó bá dé etí iyanrìn gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń gba ọ̀nà tóóró kan padà pẹ̀lú agbára. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ibẹ̀ gan-an ló máa ń dà bíi pé ó parọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì. Ẹni tó bá bá a lọ kò gbọdọ̀ bá omi jà pé òun fẹ́ padà sí ibi tó ti wá. Kó lúwẹ̀ẹ́ ní ìbú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun, títí omi yóò fi tú u sílẹ̀. Àgbàlagbà tó lágbára lè ṣe é, ọmọdé kò lè ṣe é. Omi tó dé kókósẹ̀ ti tó wọn, kí àgbàlagbà kan sì dúró ní apá ibi tí òkun wà.

Bí ẹ bá fẹ́ kọjá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfu, ẹ ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi tí kò ní ẹ̀wù ìdóòlà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ dì í mọ́ wọn lára. Bí wọ́n bá fi jókòó lásán, kò wúlò. Ní Marina Àgbádárìgì, ẹ mú wọn wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ òkun ń ba ọkọ̀ jẹ́? (Olùkàwé kan, Suleja)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Iyọ̀ inú rẹ̀ ń mú irin dípẹtà. Ẹ má páàkì sórí iyanrìn, kí ẹ sì fi omi tútù tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ kó ìwé ọkọ̀ dání pátá, torí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni ọ̀nà Àgbádárìgì já sí, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti ọlọ́pàá sì pọ̀ lójú rẹ̀.