Wi-Fi pálọ̀ tí kì í gòkè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ ni mí ní Ìbàdàn. Ráútà tó ń lo síìmù la rà, ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ la gbé e sí. Kò níṣòro nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú yàrá mi lókè, mo lè jókòó ti ojú ìwé kan títí kó má ṣí. Ẹni tó tà á fún wa ní kí a ra òmíràn pẹ̀lú síìmù tirẹ̀ fún òkè. Ṣé kí n rà á? Mo sì fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù mi àti ti ọkọ mi jọ máa lo príńtà kan.

Ìdáhùn: Ẹ fowó yín sápò ná, mà. Tí ẹ bá ra èkejì tó ní síìmù tirẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tí kò mọra wọn ni yóò wà nínú ilé. Bí príńtà bá wà lórí ti ìsàlẹ̀, láptọ́ọ̀pù tó wà lórí ti òkè kò ní rí i. Ẹ ó tún máa ra dátà lọ́nà méjì.

Ibi tí ráútà wà ni mo fura sí. Iṣẹ́ méjì ni irú rẹ̀ ń ṣe: ó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí òpó ilé iṣẹ́ fóònù, ó sì ń pín in kiri ilé. Gbígbà ń fẹ́ fèrèsé, pípín ń fẹ́ àárín ilé. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n kò sí nínú méjèèjì. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ń dí i, dẹ́kì tó wà lókè rẹ̀ sì kún fún kankéré àti ọ̀pá irin. Ibi tí dẹ́kì ti là sílẹ̀ ni orí àtẹ̀gùn. Ọ̀pọ̀ ilé wa ló ní fèrèsé níbi tí àtẹ̀gùn ti ń yí. Ẹ gbé e síbẹ̀, kó ga tó èjìká. Mo ti yanjú ọ̀pọ̀ ilé báyìí láìta nǹkan kan, ó máa ń dùn mí díẹ̀.

Kí ẹ tó kan ìṣó tí ẹ ó fi gbé e kọ́, ẹ fi wáyà ẹ̀sìténṣọ̀n gbé e kiri ná, kí ọmọ kan máa ṣí ojú ìwé kan náà lókè, kó máa pariwo fún yín.

Ẹ lè rí orúkọ Wi-Fi méjì, kí ọ̀kan ní 5G lára. Kì í ṣe 5G ilé iṣẹ́ fóònù o, GHz 5, irú ìgbì rédíò tí Wi-Fi náà ń lò, ló ń sọ. Ó yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń gbé e mì. Èkejì, GHz 2.4, kò yára tó o, àmọ́ ó ń lọ jìnnà. Òun ni kí ẹ lò lókè, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ príńtà mọ̀. Bí láptọ́ọ̀pù ọkọ yín bá wà lórí 5, kò burú. Ráútà kan náà ni, wọ́n á ríra.

Páswọ́ọ̀dù méjì ló wà lára lébẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀: ti Wi-Fi, àti èyí tí a fi ń wọ inú ráútà gan-an. Ẹ yí méjèèjì padà, kí ẹ sì yan WPA2 tàbí WPA3, ìyẹn irú ààbò tí Wi-Fi yóò lò. Bí àyè àlejò (guest network), ìyẹn Wi-Fi ọ̀tọ̀ fún àlejò, bá wà níbẹ̀, ẹ ṣí i fún àwọn àlejò. Fóònù àlejò kan tó bá ń ṣe ọ̀pọ̀ àtúnṣe áàpù (update) lè jẹ dátà ọ̀sẹ̀ kan yín lálẹ́ ọjọ́ kan, nítorí náà ẹ dín dátà tí àlejò lè lò kù níbẹ̀ bí ráútà yín bá gbà.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì kékeré tí wọ́n ń pè ní mini UPS tó. Ẹ wo ara ṣájà ráútà kí ẹ tó rà á: bí 12V ló wà níbẹ̀, 12V ni kí ẹ béèrè.