Fóònù ẹni tí n kò mọ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ mi lọ: ṣé kò séwu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀njiníà. Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ta aṣọ. Ọmọ mi gbé áàpù kan sórí fóònù mi tó ń fi Bluetooth gbé ọ̀rọ̀ láti fóònù kan sí òmíràn bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ mi ní ilé ìkẹ́rùsí wa ní Àrákàlẹ̀. Ṣé àwọn tó ń gbé e kọjá ò lè kà á? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ wọlé lórúkọ ọmọ náà pé kí n kó ìgàn àǹkárá mẹ́ta fún ẹnì kan. Òun kọ́ ló kọ ọ́. Díẹ̀ ló kù kí n kó o fún un.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, ìyá mi, ẹ sì kú ewu. Ọ̀rọ̀ àǹkárá yẹn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù.

Nínú ọ̀pọ̀ irú áàpù yìí, orúkọ tó bá wu èèyàn ló lè tẹ̀. Mo dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù mi: mo pa dátà fóònù mẹ́ta, mo tẹ orúkọ kan náà sórí méjì, mo sì fi méjèèjì kọ̀wé sí ẹ̀kẹta. Lójú ẹ̀kẹta, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń dí ojú ihò yẹn ni kí ẹ rí ara yín lójúkojú. Nínú áàpù kan tó ń jẹ́ Briar, ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ yín á jókòó, fóònù kọ̀ọ̀kan á ka àwòrán dúdú-funfun onígun mẹ́rin tó wà lójú èkejì. Látìgbà náà, ẹlòmíì tó bá fi orúkọ ọmọ náà pe ara rẹ̀ kò lè wọ ojú ìwé tí ẹ̀yin àti ọmọ náà ti ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ Briar kì í gba fóònù àlejò kọjá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí; tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù yín méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ra.

Ní ti kíkà, ẹ wo alárù ọjà. Bí àpótí bá ní àgádágodo, tó sì jẹ́ pé ẹni tẹ́ ẹ rán ẹrù sí nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tó rù ú kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgádágodo ló dáa. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí fi hàn pé wọ́n lè ka ọ̀rọ̀ inú Bridgefy, kí wọ́n sì fara wé ẹlòmíì. Áàpù yẹn sì ni àwọn olùfẹ̀hónúhàn lò ní Hong Kong lọ́dún 2019. Àwọn tó ni áàpù náà tún un ṣe ní 2020, àmọ́ àwọn olùwádìí tún bá ihò mìíràn nínú rẹ̀ ní 2022.

Alárù náà tún lè ju ẹrù nù. Bí èrò ọjà bá fọ́n ká, ọ̀rọ̀ lè má dé rárá, nítorí náà, tí ẹ kò bá rí èsì, ẹ gbà pé kò dé.

Títí ẹ̀yin àti ọmọ iṣẹ́ yín yóò fi fi fóònù ka àwòrán ara yín lójúkojú, ẹ má fi ọ̀rọ̀ orí fóònù nìkan kó ọjà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ rán ọmọ kan lọ bi ọmọ iṣẹ́ yín ní Àrákàlẹ̀, kò jìnnà.