Wọ́n ní ìjọba ti ṣòfin epo ẹ̀gẹ́: ṣé kí n gé ọ̀pẹ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá wa fi éékà mẹ́fà ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi lọ́nà Ẹ̀jìnrìn, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ọ̀pẹ ló pọ̀ jù lórí rẹ̀, ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sì wà láàárín rẹ̀. Àwọn kan wá bá ẹgbẹ́ àwa àgbẹ̀ ṣèpàdé. Wọ́n ní ìjọba ti ṣòfin pé kí wọ́n máa po ọtí ẹ̀gẹ́ mọ́ epo ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Amẹ́ríkà, pé owó ẹ̀gẹ́ kò ní í wálẹ̀ mọ́ láéláé. Wọ́n ní ká gé ọ̀pẹ, ká gbin irú ẹ̀gẹ́ tiwọn, ká sì san owó ìforúkọsílẹ̀. Àbúrò mi tó ń sin adìyẹ ní òótọ́ ni, pé àgbàdo tí àwọn Amẹ́ríkà ń dà sínú ọkọ̀ ló sọ oúnjẹ adìyẹ di ọ̀wọ́n. Irú ẹ̀gẹ́ wo ló yẹ kí n gbìn, ajílẹ̀ wo ni kí n sì fi sí i?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ọ̀rọ̀ irú ẹ̀gẹ́ àti ajílẹ̀ tí ẹ bi mí, mo máa fò ó ná, nítorí kò tíì kàn án. Lẹ́tà karùn-ún tí mo gbà láàárín Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyí, inú sì ń bí mi. Ọ̀pẹ tó ti ń so ni wọ́n ní kí ẹ gé! Ẹ dákun, ẹ má tíì fọwọ́ kan igi kankan kí ẹ tó ka ìdáhùn yìí tán.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ “òfin” yẹn wò. Ní 2005, ìjọba àpapọ̀ ní kí NNPC bẹ̀rẹ̀ ètò epo tí wọ́n ń ti ara irè oko ṣe. Ní 2007, wọ́n gbé ìlànà rẹ̀ jáde, pé a lè máa po ẹtánọ́ọ̀lù mọ́ epo bẹntiróòlù títí dé ìdá 10 nínú 100. Ẹtánọ́ọ̀lù yìí ni ọtí líle tí wọ́n ń sè láti inú ẹ̀gẹ́, ìrèké tàbí àgbàdo. Ọmọ ìyá ògógóró ni, wọ́n kàn fa omi inú rẹ̀ gbẹ ni. Ìlànà náà ṣèlérí ìdẹ̀rùn owó orí àti owó ibodè fún ilé iṣẹ́ tó bá dáwọ́ lé e. Màmá, ilé iṣẹ́ ni mo wí. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni wá ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ìyá kan ní Ẹ̀jìnrìn, ká má tíì sọ iye tó máa rà á.

Ìlànà ni ohun tí ìjọba ní lọ́kàn láti ṣe. Òfin tó léyín ni èyí tó bá sọ fún oníléepo pé, bí o kò bá po ó, owó ìtanràn rẹ rèé. Irú èyí kò tíì múlẹ̀ ní ilé epo wa. Ṣé ẹ rántí ti búrẹ́dì? Nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, wọ́n pàṣẹ pé kí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó ìdá 10 nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún yín láàárọ̀ ọ̀la bóyá ẹ̀gẹ́ wà nínú tiẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká gbà pé òfin náà léyín, bíi ti Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń tàn yín. Níbẹ̀, òfin wà lóòótọ́. Wọ́n ṣe é ní 2005, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú ní 2007. Àwọn tó ń fọ epo àti àwọn tó ń kó o wọlé ló dì mú. Lọ́dọọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ kó ìwé ẹ̀rí sílẹ̀ pé iye gálọ́ọ̀nù epo irè oko tí ìjọba kà fún wọn ti wọnú epo. Ẹni tí tirẹ̀ kò pé gbọ́dọ̀ ra ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ́kù. Ti ẹtánọ́ọ̀lù àgbàdo lè dé bílíọ̀nù 15 gálọ́ọ̀nù lọ́dún. Títí di òpin 2011, ìjọba tún ń fi sẹ́ǹtì 45 ti ẹni tó bá po gálọ́ọ̀nù kan lẹ́yìn, ó sì ń gba sẹ́ǹtì 54 lórí èyí tó bá ti òkè òkun wọlé, kí ìrèké Brazil má baà gba ọjà mọ́ àgbàdo tiwọn lọ́wọ́. Ìtìlẹ́yìn tó kún nìyẹn. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí owó àgbàdo?

Ó gòkè. Bọ́ṣẹ́ẹ̀lì kan, ìyẹn nǹkan bíi kílò 25, wà ní bíi dọ́là méjì ní 2005. Nígbà tó fi di 2012, tí ọ̀dá tún dá sí i, ó ti kọjá dọ́là méje. Ibi tí àwọn tó bá yín ṣèpàdé máa ń dákẹ́ sí nìyẹn. Ní 2014, ó ti já wálẹ̀, kò tó dọ́là mẹ́rin mọ́. Òfin náà ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà, gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń pò kò dín kù. Òjò rọ̀, ẹni tó ti rí i pé àgbàdo ń pa owó sì ti tú ilẹ̀ kún ilẹ̀, láti Amẹ́ríkà dé Brazil dé Ukraine. Àṣẹ ìjọba lè mú kí ẹni tó ń rà pọ̀. Kò lè dá àgbẹ̀ mìíràn dúró pé kó má gbìn. Ta ló wá mú èrè náà lọ jù? Ẹni tó ni ilẹ̀ ni, nítorí owó ilẹ̀ gun òkè tẹ̀lé owó àgbàdo, ẹni tó ń yá ilẹ̀ dáko sì ń san án.

Brazil pàápàá, tó ti bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ láti 1975, rí ọjọ́ tí ọlọ́kọ̀ tò ní ilé epo tí wọn kò rí ọtí rà. Apá ìparí ọdún 1989 ni. Ṣúgà ń pa owó lọ́jà àgbáyé, àwọn ilé iṣẹ́ sì kọjú ìrèké wọn sí ṣúgà. Ibi tí owó bá wà ni ilé iṣẹ́ ń lọ, ìjọba ì báà tì í lẹ́yìn.

Ẹ mú bírò, ká jọ ṣírò tiyín. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan ń mú ẹtánọ́ọ̀lù bíi lítà 150 sí 180 wá. Ẹ jẹ́ ká fi sí 160. Agbára inú lítà kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù. Bí a bá fi ₦900 lítà epo kan ṣe àpẹẹrẹ, 160 lítà jẹ́ ₦144,000. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ ₦96,000. Nínú ₦96,000 yẹn ni wọ́n ti máa yọ owó ọkọ̀ tó wá kó ẹ̀gẹ́, dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi sè é, èròjà tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, owó òṣìṣẹ́, èlé bánkì àti èrè tiwọn. Ohun tó bá kù ni wọ́n lè fún yín lórí tọ́ọ̀nù kan. Tọ́ọ̀nù kan náà, bí ẹ bá bó o, tí ẹ rọ̀ ọ́, tí ẹ fún un, tí ẹ yan án, gàrí bíi kílò 200 sí 250 ni. Ẹ fi owó gàrí ọjà yín lónìí ná an, ẹ yọ owó àwọn tó bó o àti owó igi ìdáná, kí ẹ gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n. Mi ò ní í sọ èsì rẹ̀ fún yín, nítorí owó gàrí ti oṣù yìí lè máà jẹ́ ti oṣù tó ń bọ̀. Ẹ ṣáà rí i pé epo bẹntiróòlù ló dí orí owó yẹn. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ó kọjá ibẹ̀, ìjọba ní láti máa fi owó tirẹ̀ kún un. Ìjọba tó sì yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní 2023, ṣé ọtí ẹ̀gẹ́ ló máa tún máa fi owó ràn lọ́wọ́?

Ẹ tún wo ìwọ̀n oko yín. Éékà mẹ́fà kò ju hẹ́kítà 2.4 lọ. Ká ní ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa, tí ẹ rí tọ́ọ̀nù 10 lórí hẹ́kítà kan, tọ́ọ̀nù 24 nìyẹn, lítà 3,840. Táńkà epo tó ń gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú Òde kọjá lẹ́bàá yín, èyí kékeré inú wọn ń gba lítà 33,000. Oko mẹ́sàn-án irú tiyín ló máa kún ọ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn ọdún kan gbáko.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé mo ti rí i rí. Lẹ́yìn 2002, tí ariwo ẹ̀gẹ́ gba gbogbo ilẹ̀ yìí, mo lọ sí oko bàbá kan lápá Kétu. Ó ti gbin gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ tán, ó ń retí àwọn olùrà tí wọ́n sọ fún un. Ó fa ọ̀kan tu níṣojú mi, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó dá a, ó sì ró pàù bí igi ìdáná. Ẹ̀gẹ́ náà ti pẹ́ jù nínú ilẹ̀, ó ti le gbagidi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré rẹ̀, òkìtì èyí tó ti wú fún ọkọ̀ tí kò dé wà níbẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ là á: àwọn ìlà dúdú bí aró ti gba inú rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹ̀gẹ́ tí a bá ti wú kò ní sùúrù ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ. Alágbàtà náà mọ̀. Ó máa jẹ́ kí ẹ wú u tán kó tó wá dá iye tó wù ú.

Wọ́n lè ní, “Ẹ dúró ná, ìjọba máa fi ipá múlẹ̀ láìpẹ́.” Ká ní ó rí bẹ́ẹ̀. Bí Nàìjíríà bá ń lo lítà 50 mílíọ̀nù lójúmọ́, ìdá 10 rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún. Ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 31,000 ló máa mú un wá, lójoojúmọ́ ayé. Lọ́dún, ó lé ní mílíọ̀nù 11. Àwa là ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, gbogbo ohun tí a ń wú lọ́dún sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 60. Ẹ fa mílíọ̀nù 11 yọ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wá wo ohun tí dẹ́ríkà gàrí kan máa dì. Ìjọba wo ló máa gbọ́ igbe yẹn tí kò ní í yí ọwọ́ padà? China yí tiwọn padà ní nǹkan bíi 2007, nígbà tí oúnjẹ di ọ̀wọ́n: wọ́n ní kí wọ́n má ṣe dá ilé iṣẹ́ ẹtánọ́ọ̀lù ọlọ́kà tuntun sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n yíjú sí, wọ́n sì ń ra èyí tí wọ́n gé sá gbẹ láti Thailand. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Thailand ń rí tọ́ọ̀nù 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí hẹ́kítà kan, wọ́n sì ní ọ̀nà dé etíkun. A kò tíì lè bá wọn du ọjà yẹn.

Ní ti àbúrò yín: kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ ibòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní January 2007, àwọn ará Mexico tú sígboro nítorí owó tòtíyà, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Wọ́n ń ra àgbàdo púpọ̀ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, nítorí náà ọ̀wọ́n ibẹ̀ kàn wọ́n kíákíá. Àgbàdo tiwa, òkè Ọya ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ní July 2020, bánkì àpapọ̀ ní òun kò ní í fún ẹnikẹ́ni ní dọ́là ra àgbàdo wọlé mọ́; October 2023 ló tó gbé àṣẹ náà kúrò. Kí àbúrò yín wo owó ọkọ̀ láti Kàdúná, àgbẹ̀ tí kò lè lọ sóko nítorí àwọn ajínigbé, àti náírà tó já ní 2023. Àgbàdo tó sì ń lọ sínú ẹtánọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀ tún ń jáde gẹ́gẹ́ bí èèrí, tí wọ́n ń fún ẹran àti adìyẹ jẹ.

Ibi tí epo irè oko ti kan yín gan-an wà lórí ilẹ̀ yín, màmá. Ọ̀pẹ tí wọ́n ní kí ẹ gé yẹn ni. Indonesia ló ń ṣe epo pupa jù láyé. Wọ́n ń fi í ṣe dísẹ́ẹ̀lì, òfin tiwọn sì léyín: ìdá 35 nínú 100 ní 2023, ìdá 40 ní 2025. Bí èyí tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ nílé ṣe ń pọ̀ sí i ni èyí tó ń dé ọjà àgbáyé ń dín kù. Ní April 2022, wọ́n tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí epo tí wọ́n fi ń se oúnjẹ má baà wọ́n àwọn ará ilé. Nàìjíríà kò ṣe epo pupa tó èyí tó ń lò, a ń rà kún un láti ìta. Nítorí náà ọ̀wọ́n tọ̀hún ń gbá kẹ́ẹ̀gì epo tiyín lẹ́yìn gòkè. Mi ò sọ pé kò ní í wálẹ̀ o. Bí ìjọba bá dín owó ibodè kù, tàbí tí Indonesia yí ọkàn padà, ó lè já. Ṣùgbọ́n epo lè dúró nínú kẹ́ẹ̀gì di oṣù tó ń bọ̀.

Mi ò rí oko yín, mi ò sì ka ìwé àwọn tó bá yín ṣèpàdé, nítorí náà mi ò lè pè wọ́n ní oníjìbìtì. Agbẹjọ́rò kọ́ ni mí, kí ẹ fi ìwé àdéhùn èyíkéyìí han agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló béèrè, ohun tí mo máa sọ fún un nìyí: má san kọ́bọ̀ kan. Ẹni tó bá nílò ẹ̀gẹ́ rẹ, òun ló yẹ kó mú owó wá. Kí wọ́n mú ọ dé ilé iṣẹ́ náà, kí o fojú ara rẹ rí ìkòkò ìse wọn bó ṣe ń ru èéfín. Kí wọ́n kọ iye tí wọ́n máa ra tọ́ọ̀nù kan sílẹ̀, àti ẹni tó máa san owó ọkọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé bí ọkọ̀ wọn kò bá dé títí ọjọ́ kẹta tí o ti wú u, àwọn ni wọ́n jẹ gbèsè rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹni tó fọwọ́ sí ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ padà kọ̀wé sí mi, a ó jọ sọ̀rọ̀ irú ẹ̀gẹ́ àti ajílẹ̀, a ó sì wá ibi tí ẹ máa gbìn ín sí láàárín ọ̀pẹ yín láì gé ọ̀kan.