Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni àbí wákàtí? Ọ̀rọ̀ lórí ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ńlá lókè Ọya

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹnjinníà. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Sharada, nílùú Kánò. Jẹnẹrétọ̀ 500 kVA méjì la ní. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 16 lójúmọ́. Èkejì kàn wà ní ìpamọ́ ni. Ọ̀gá wa ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà àwọn méjèèjì lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí owó má baà pọ̀ jù. Mẹkáníìkì wa ní ó ti pẹ́ jù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ gbọ́ ti mẹkáníìkì yín, ó kéré tán lórí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Wákàtí 16 lójúmọ́ fún 90 ọjọ́ jẹ́ wákàtí 1,440. Ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì tó tó báyìí wá máa ń ní kí á pààrọ̀ ọ́ìlì láàárín wákàtí 250 sí 500. Bó bá jẹ́ 250 ló wà nínú tiyín, bí ọjọ́ 16 síra ni ìgbà máa ń pé. Kí ni ọ́ìlì náà máa ti dà nígbà tí oṣù mẹ́ta bá fi pé? Aago tó ń ka wákàtí lára ẹ̀rọ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Ti èkejì yàtọ̀. Owó ni ọ̀gá yín ń fi ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó fún ọ́ìlì rẹ̀ bí wákàtí kò bá tíì pé, torí ọ́ìlì tó dúró sójú kan náà a máa gbó. Ohun tó nílò ni kí ẹ máa tàn án lóṣooṣù, kó sì gbé ẹrù, ó kéré tán ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń tàn lásán láìgbé ẹrù kì í jó epo rẹ̀ tán. Ẹ ó rí i tí nǹkan dúdú bí ọ̀dà ń kán lẹ́nu sàlẹ́ńsà.

Eruku gan-an ni ọ̀tá yín ní Kánò. Láti bí oṣù kọkànlá tí ọyẹ́ bá ti dé, iyanrìn kíkúnná látinú aṣálẹ̀ ni ẹ̀rọ yín ń fà símú. Ó le ju irin lásán lọ. Bó bá ráyè kọjá fíltà afẹ́fẹ́, yóò máa ha ríìngì písítìnì àti sílíìfù, ìyẹn ihò tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rọ yóò fi máa mu ọ́ìlì. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi dùn bí mo bá rí àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ kọmpirẹ́sọ̀ fẹ́ fíltà lẹ́nu géètì, tí wọ́n á tún máa gbá a mọ́lẹ̀. Bébà inú rẹ̀ a máa ya níbi tí ojú kò lè rí. Ẹ jẹ́ kí àmì tó wà lára ilé fíltà di pupa kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má máa ṣí i wò lójoojúmọ́, ṣíṣí náà ń kó eruku wọlé. Fíltà kékeré tó wà nínú ńlá, a kì í fọ̀ ọ́ rárá, pípààrọ̀ ni. Ẹ yẹ rọ́bà àti kílíìpù tó wà láàárín fíltà àti tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì, wò dáadáa, torí bí rọ́bà yẹn bá sán, asán ni fíltà tuntun. Ẹ ra fíltà ọyẹ́ sílẹ̀ kí oṣù kọkànlá tó dé, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, nítorí ayédèrú pọ̀.

Eruku yìí kan náà ló ń dí rédíétọ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ooru oṣù kẹta sí ìkarùn-ún tó dé, nígbà tí Kánò máa ń kọjá 40°C. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ni kí ẹ ti da omi sí i, kí omi náà má le jù. Ọjọ́ Jímọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ kírun dára fún un, bí ẹ̀rọ bá ti tutù. Ẹ má fi omi kànga dẹ̀rọ̀ nìkan sínú rédíétọ̀. Ó ń ya èérí sínú, ó sì ń jẹ sílíìfù. Kúláǹtì, omi àdàpọ̀ tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ni kí ẹ lò. Láràárọ̀, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, kí wọ́n tú omi kúrò nínú fíltà dísẹ́ẹ̀lì.

Bí ọ̀gá bá fẹ́ dín owó kù lóòótọ́, àyẹ̀wò ọ́ìlì ló lè bá a ṣe é. Bí èsì bá dára léraléra, ẹ lè sún wákàtí síwájú díẹ̀ láìfi ẹ̀rọ wewu. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń tú ọ́ìlì lọ́sẹ̀ yìí, kó ṣì gbóná, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ kọ́kọ́ dà nù, kí ẹ tó gbe ìgò mímọ́ sí i. Ẹ kọ wákàtí ojú aago àti wákàtí tí ọ́ìlì náà ti lò sí ara ìgò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí láàbù. Bí sílíkọ́nì, tó jẹ́ èròjà iyanrìn, àti irin tó ń ha kúrò lára ẹ́ńjìnì bá jọ ga nínú èsì rẹ̀, ẹ wá ibi tí eruku ń gbà wọlé kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn.