Fún ẹni tó ń wá hyperbaric fún bàbá rẹ̀ nílé: ẹ má tíì fi owó yẹn ránṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè lánàá nípa bàbá yín, pé egbò ẹsẹ̀ tí àtọ̀gbẹ fà kọ̀ kò jinná, pé ibì kan nítòsí ilé lẹ́yìn ìlú ní àwọn ní hyperbaric (ìtọ́jú tí aláìsàn ti ń mí ọ́síjìn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń tẹ ara ju ti ìta lọ), tí wọ́n sì ní kí ẹ san owó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan káwọn lè dín in kù fún yín: ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọwọ́ dúró ná. Ohun tójú ìdílé wa rí lórí egbò ìyá mi kò tíì tán lára mi, mi ò sì fẹ́ kó ṣe yín.

Mo wà lókè òkun nígbà náà, mi ò ráyè wálé, ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá gba ọ̀rọ̀ náà ṣe. Wọ́n rí ibì kan ládùúgbò. Ó mọ́ tónítóní, àwọn òṣìṣẹ́ wọ aṣọ funfun, wọ́n kọ hyperbaric gàdàgbà sára ògiri. Wọ́n ní bí a bá san ti ìgbà 40 papọ̀, ẹ̀dínwó wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó owó tí gbogbo wa dá, wọ́n san án. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí nílé: àgbà ti sanwó, ta ló máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí kí wọ́n tó san án?

Ìyá mi ń lọ, wọ́n ń bọ̀, egbò ò yí padà. Ọjọ́ tí mo ní kí àbúrò mi gbé fóònù sún mọ́ ibi tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí, síìpù ni mo rí. Àpò rírọ̀ ni, síìpù gígùn fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi báàgì ìrìnàjò, ẹ̀rọ kékeré kan wà nílẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Inú bí mi débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ohun tó ń jẹ́ hyperbaric gan-an ni pé aláìsàn ń mí ọ́síjìn 100% nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń tẹ ara ní ìlọ́po méjì tàbí méjì àbọ̀ bó ṣe ń tẹ̀ wá níta. Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé 2.0 sí 2.5 ATA; ATA ni wọ́n fi ń wọn títẹ̀ náà. Títẹ̀ yẹn ló ń mú kí ọ́síjìn yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, kó lè dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ kì í gbé e dé tó. Àpò onísíìpù kì í ju nǹkan bí 1.3 ATA lọ, atẹ́gùn lásán ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àìsàn tí òkè gíga máa ń kó bá àwọn tó ń gun òkè ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí irú àpò bẹ́ẹ̀ fún. Wọn ò fọwọ́ sí i fún egbò. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, ẹ máa mọ̀ ọ́n: ó lè jẹ́ páìpù ńlá tó mọ́ gaara tí ẹnì kan ń dùbúlẹ̀ sí, tó ní ilẹ̀kùn irin tó wúwo, tàbí yàrá irin tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń jókòó sí, tí kálukú fi nǹkan bo imú tàbí orí láti fa ọ́síjìn.

Torí náà, ẹ pè wọ́n fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ bi wọ́n pé: "ATA mélòó lẹ máa gbé e dé? Ṣé ọ́síjìn 100% ni? Dókítà wo ló ń dúró tì í?" Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa awọ ara tó ń dán àti oorun tó ń dùn, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Kí ẹnì kan sì fi fídíò hàn yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Gbígba owó padà, ogun ni. Akọ̀wé owó ní ọ̀gá ló lè fọwọ́ sí i, ọ̀gá kì í sí níbẹ̀ nígbà tí mo bá pè, ẹni tó gbé fóònù lónìí kò mọ ohun tí ti àná sọ. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rìsíìtì pé wọn kì í dá owó padà. Ìgbà tí agbẹjọ́rò kọ̀wé sí wọn ni wọ́n tó dá díẹ̀ padà.

Lẹ́tà dókítà tó ní kí bàbá lọ gba ìtọ́jú yìí kò le, ẹ gbà á. Ibi tó le ni wíwá ibi tó tọ́, torí ilé ìwòsàn ńlá láàárín ìlú ló sábà máa ń ní in. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú egbò àti àwọn oníṣẹ́ abẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú òmùwẹ̀ náà, torí wọ́n ń lo irú yàrá yẹn fún ẹni tó bá yára jáde lábẹ́ omi jù. Àwọn tó wà nídìí fáìlì nílé ìwòsàn àkọ́kọ́ kò fẹ́ fún wa ní ìwé àyẹ̀wò ìyá mi, wọ́n ní èmi ọmọ ni kí n wá. Ẹ fọwọ́ sí ìwé àṣẹ fún àbúrò yín ṣáájú, kí bàbá náà fọwọ́ sí i.

Ní ti owó, adójútòfò tiyín lókè òkun tí ẹ wà kì í sábà san fún òbí tó wà nílé, ẹ má gbọ́kàn lé e. Ṣùgbọ́n ìlànà Medicare, adójútòfò ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà, fún egbò yìí wúlò fún wa: egbò ti gbọ́dọ̀ dé ìpele 3 ó kéré tán lórí òṣùwọ̀n Wagner tí wọ́n fi ń mọ bí egbò ẹsẹ̀ àtọ̀gbẹ ṣe le tó, wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi ìtọ́jú tó péye tọ́jú rẹ̀ fún 30 ọjọ́ láìsí àyípadà, lẹ́yìn náà wọ́n á tún wò ó ní gbogbo 30 ọjọ́, bí kò bá sí ìtẹ̀síwájú, wọn ò ní san mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ máa san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tààrà sí àkáǹtì ilé ìwòsàn. Kí wọ́n wọn egbò náà, kí wọ́n yà á ní fọ́tò, kí wọ́n kọ ATA ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Kí wọ́n yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wò ṣáájú. Bó bá dí, wọ́n gbọ́dọ̀ là á. Kí wọ́n ya fọ́tò àyà, torí ẹni tí afẹ́fẹ́ ti jò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọlé láìtọ́jú ìyẹn. Ṣúgà lè já wálẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kó tó wọlé àti lẹ́yìn rẹ̀. Aṣọ òwú nìkan, kò sí ìpara, kò sí fóònù: iná ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa ni ọkọ̀. Ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, bíi wákàtí méjì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, láti ẹ̀yìn ìlú. A ní láti wá yàrá fún ìyá mi sítòsí ilé ìwòsàn kejì, èyí tó ní ojúlówó hyperbaric. Ibẹ̀ ni egbò wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í san, pẹ̀lú gígé ẹran tó ti kú kúrò, oògùn, àti àìtẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ rárá. Ó jinná. Ti bàbá yín náà lè jinná, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín.

Bí ẹ bá ti gba ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ATA yẹn, ẹ kọ ọ́ síbí lálẹ́ yìí, màá bá yín wò ó.