Àwọn ọmọ mẹ́ta àti ìyá àgbà kan lọ sí Àgbádárìgì: ọ̀nà wo ni kí wọ́n gbé e gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú là ń gbé. A fẹ́ kó àwọn ọmọ wa wá sí Àgbádárìgì ní ọlidé tó ń bọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, èkejì mẹ́sàn-án, àgbà wọn mẹ́tàlá. Ìyá ọkọ mi náà fẹ́ bá wa wá, ṣùgbọ́n orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣé ọjọ́ kan á tó? Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú yìí ńkọ́, ṣé kò ní dẹ́rù ba àwọn ọmọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Iṣẹ́ mi ni láti máa mú àlejò káàkiri ìlú yìí, ohun tí mo sì máa ń sọ fún ẹni tó bá ń kó ọmọ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni pé kí wọ́n sùn mọ́jú. Láti Ìkòròdú, ẹ ó la Èkó já kí ẹ tó kan Mile 2, títì Àgbádárìgì fúnra rẹ̀ sì tún ń bẹ níwájú, tòun ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti àwọn agbófinró tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ọmọ ọdún márùn-ún tó ti wà nínú ọkọ̀ láti ìdájí kò ní gbọ́ ìtàn kankan mọ́. Oorun ni yóò máa sùn léjìká yín.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ jẹun, ẹ jẹ́ kí màmá mu omi àgbọn létí ọ̀sà ní Marina, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà) parí ní 1845. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò rọgbọ fún orúnkún màmá, kí wọ́n jókòó sí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún àwọn ọmọ, kí wọ́n tó fojú kan ẹ̀wọ̀n kankan.

Ọmọ Òṣogùn ni Àjàyí. Ní 1821 ni ogun kó o, kò sì ju bí àgbà àwọn ọmọ yín yìí lọ. Ọwọ́ kan ń tà á fún ọwọ́ kejì títí tó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ Potogí. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun, wọ́n gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ní 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì níbí, ó ti di àlùfáà. Nígbà tó di ọdún kejì, ó dé Abẹ́òkúta, ó sì rí ìyá rẹ̀ tí kò fojú kàn fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìtàn yìí tó ọmọ ọdún márùn-ún jẹ: wọ́n gbé ọmọ kan lọ, ọmọ náà rí ìyá rẹ̀ padà. Ẹ má fi kún un fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ti Gberefu, erékùṣù tó wà ní òdìkejì ọ̀sà, kí oòrùn tó mú iyanrìn gbóná. Kí màmá àti àbíkẹ́yìn dúró ní Marina, torí ìrìn inú iyanrìn náà kì í ṣe fún orúnkún tó ń dunni. Kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ yẹ life jacket wò lára ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ wá fà á sókè láti èjìká. Bó bá gòkè dé etí ọmọ, ti àgbàlagbà ni, kò lè gbà á là. Ẹ béèrè èyí tó kéré. Tí kò bá sí, ẹ má wọ ọkọ̀ náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lẹ ó máa rìn títí dé etí òkun. Kànga kan wà lọ́nà, ìtàn ibẹ̀ sì ni pé wọ́n ń mú kí àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹ má kù ú gìrì. Òkun tí ẹ ó bá níwájú kì í ṣe ọ̀sà o. Ìgbì rẹ̀ máa ń fa ènìyàn, kí ọmọ kankan má wọ inú rẹ̀, kódà dé orúnkún.

Bí ẹ bá padà, ẹ mú àwọn méjì tó dàgbà lọ sí ilé Sẹ́ríkí Williams Abass. Àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ máa ń sọ pé yàrá 40 ló wà, ogójì ẹrú sì ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ wọn yàrá náà fúnra rẹ̀. Sẹ́ríkí yìí pẹ̀lú, wọ́n tà á ní kékeré, ó dé Brazil, ó padà, òun náà sì wá ń ta ènìyàn. Àwọn ọmọ máa ń béèrè pé, “Ta ló tà wọ́n?” Ẹ dá wọn lóhùn tààrà: àwọn òyìnbó rà, àwọn ìjòyè àti oníṣòwò tiwa náà tà. Ọmọ tí a bá fi èyí pa mọ́ fún yóò gbọ́ ọ níbòmíràn, yóò sì máa rò pé irọ́ la pa fún òun.

Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu wà nílé Mobee, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìdílé ìjòyè kan tó ń ṣòwò ẹrú láyé ìgbà yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè wò ó bí kì í bá ṣe ọmọ tó máa ń lálàá burúkú. Kí ó gbé e lọ́wọ́ kó mọ̀ bó ṣe wúwo, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi kọ́ ọrùn ọmọ ya fọ́tò.

Igi Agia, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ìgbàgbọ́ ní 1842, ti wó láti 1959. Ohun ìrántí ló wà níbẹ̀ báyìí, kò ní gbà yín pẹ́.

Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ń gba owó tirẹ̀, nítorí náà ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dání, kí ẹ sì béèrè iye owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ pọ̀ kí ẹ tó jókòó. Bí òjò bá ṣú tàbí tí afẹ́fẹ́ bá le láàárọ̀ náà, ẹ fi Gberefu sílẹ̀, ìyókù wà lórí ilẹ̀. Kí awakọ̀ ojú omi kankan má fi owó pọ́ọ́kú fà yín lọ.